Rélùwéè Orí Tábìlì: Ìdí Tí Koríko Fi Ṣòro Ju Ọkọ̀ Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ ba lórí tábìlì, tí mo ń fi ẹ̀mú kékeré to òkúta tí kò ju hóró ata lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní: “Ọkọ̀ yìí ti ń rìn. Kí ni o tún ń wá nínú ilẹ̀?” Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Àlàyé tó yẹ kí n ṣe fún un nìyí, àti fún ẹnikẹ́ni tó ti rí àwòrán rélùwéè kékeré rí tí kò yé e ìdí tí àgbàlagbà fi ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lẹ koríko mọ́ pákó.

Àwọn nọ́ńbà ló kọ́kọ́ máa ń da ènìyàn rú. Ẹ ó gbọ́ OO9, ẹ ó gbọ́ On30, ẹ ó gbọ́ H0e, bíi pé orúkọ òògùn ni. Ohun méjì péré ló wà nínú wọn. Èkíní ni ìdínkù: ìgbà mélòó ni a dín ohun gidi kù kó tó gba orí tábìlì. Tí a bá ní 1:76, ó túmọ̀ sí pé ohun tó gùn ní mítà 76 ní ayé gidi yóò gùn ní mítà kan péré lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.70 yóò ga ní mìlímítà 22, kò tó ìka ọwọ́ kan. Èkejì ni ìbú ojú irin, ìyẹn àyè tó wà láàárín irin méjèèjì. Méjèèjì yàtọ̀ síra, ibi tí àwọn ènìyàn sì ti ń pò wọ́n pọ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ayé gidi, ìbú tó wọ́pọ̀ jù ni mìlímítà 1435. Èyí tó bá dín sí i, ojú irin tóóró là ń pè é. Ẹni tó bá rò pé ohun àjèjì ni ojú irin tóóró, kó rántí pé rélùwéè tó gbéra ní Ìddó tó dé Ìbàdàn ní 1901, ojú irin tóóró ni: mìlímítà 1067 ni ìbú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 ló jẹ́ 1435. Àwọn bàbá wa tó wọ rélùwéè lọ sí òkè ọya, orí ojú irin tóóró ni gbogbo ìrìn àjò wọn ti wáyé.

Níbi tí àwọn tó ń kọ́ rélùwéè orí tábìlì ti fẹ́ràn ojú irin tóóró jù, tóóró wọn tún kéré ju tiwa lọ. Ní Wales, rélùwéè Ffestiniog tí wọ́n ṣí ní 1836 láti kó òkúta síléètì wá sí etí òkun kò fẹ̀ ju mìlímítà 597 lọ. Síléètì yìí náà ni irú èyí tí àwọn àgbà wa fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé lé lórí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún, òrùlé ilé ni wọ́n ń fi í bò jù. Ìbú tí ọmọdé lè dá ẹsẹ̀ kọjá náà ni ọkọ̀ tó kún fún òkúta ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á: ojú irin náà dagun díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń yí wá sílẹ̀, àwọn ẹṣin sì máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tiwọn lẹ́yìn títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó wá fa àwọn ọkọ̀ òfìfo padà sókè. Ní 1863 ni ẹ̀rọ onísíìmù dé.

Ẹ wá padà sí OO9. OO ni orúkọ ìdínkù tó wọ́pọ̀ jù ní Bìrìtéènì: mìlímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. 9 ni ìbú ojú irin, ní mìlímítà. Ẹ pín 9 sí 4, ẹ ó rí ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 3, ìyẹn mìlímítà 686. Ìbú rélùwéè Talyllyn ní Wales gan-an nìyẹn, láìsí ìyàtọ̀ rárá. Talyllyn yìí ni rélùwéè àkọ́kọ́ lágbàáyé tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gbà sọ́wọ́ láti máa wà, ní 1951. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ Ffestiniog, mìlímítà 7.8 ló yẹ kó lò. Síbẹ̀ 9 náà ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọ́n sì ń gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ló dé? Nítorí pé ojú irin mìlímítà 9 ti wà ní ọjà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti táyà tó bá a mu, fún irú rélùwéè kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní N, níbi tí ìdínkù ti jẹ́ 1:160 tàbí 1:148.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Irin kan náà ni! Mìlímítà 9 kan náà, tí a bá fi sínú ayé 1:160, ojú irin ńlá ni, irú èyí tó ń gbé ọkọ̀ ayára-bí-àṣá. Tí a bá fi sínú ayé 1:76, ojú irin tóóró ni, tó ń yọ́ rìn láàárín koríko. Irin kò yí padà. Ohun tó yí padà ni àwọn aládùúgbò rẹ̀: bí igi ìdábùú tó wà lábẹ́ irin ṣe jìnnà síra tó, bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe tóbi tó, ibi tí orí koríko dé lára táyà, bí ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́ ṣe ga tó. Ojú ènìyàn kì í mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó títí yóò fi rí nǹkan mìíràn tó lè fi wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni mò ń wá nínú ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Koríko ni rúlà tí ojú yín ń lò láìmọ̀. Bí rúlà náà bá purọ́, ọkọ̀ tó dára jù lọ yóò padà di ohun ìṣeré ọmọdé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi náà kò mọ̀. Mo lọ bu yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo dà á sí abẹ́ irin. Ó dùn mí nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí òkè wó lu ojú ọ̀nà. Ìṣirò tí kò sí lọ́kàn mi nígbà náà rèé: hóró yanrìn tó fẹ̀ ní mìlímítà kan, tí a bá sọ ọ́ di ńlá ní ìgbà 76, òkúta tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 7.6 ni. Ìkúùkù nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sí abẹ́ ojú irin gidi sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ńtímítà 2.5 sí 5. Ní 1:76, ó yẹ kó wà láàárín nǹkan bíi mìlímítà 0.3 sí 0.7. Yanrìn bẹ́ẹ̀, inú asẹ́ ẹlẹ́lùbọ́ ló ti máa ń jáde, kì í ṣe inú asẹ́ bíríkìlà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní asẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú wọn yàtọ̀ síra, wọ́n sì máa ń kó ohun tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. Kò sí èyí tó ṣòfò: èyí tó tóbi jù yóò di àpáta tó já bọ́ láti orí òkè.

Ojú irin tóóró tún ní ìwà tirẹ̀. Rélùwéè tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ní owó láti gbẹ́ òkè já kì í la ojú irin tóóró. Ẹni tó fẹ́ yí òkè ká, tó fẹ́ ṣe kọ́ọ̀nù tó le, tó fẹ́ fi owó díẹ̀ dé ibi tí òkúta tàbí igi rẹ̀ wà, òun ló ń là á. Nítorí náà wọn kì í fi òkúta tuntun mímọ́ sí abẹ́ irin rẹ̀. Eérú láti inú ẹ̀rọ, pàǹtírí síléètì, erùpẹ̀, ohunkóhun tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Koríko a hù láàárín irin méjèèjì, igi ìdábùú a fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá fi òkúta àwọ̀ eérú tó mọ́, tó dọ́gba, sí abẹ́ ojú irin tóóró ti kọ́ ohun tí kò sí, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ nìyí. A kọ́kọ́ da yanrìn náà ní gbígbẹ, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò lórí igi ìdábùú. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, tí a ti fi omi là. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá: tí ẹ bá kán gọ́ọ̀mù náà sórí yanrìn gbígbẹ, kò ní wọlé. Yóò ká jọ bí omi lórí ewé kókò, yóò máa yí kiri, yóò sì gbé yanrìn yín lọ pẹ̀lú rẹ̀. Awọ ojú omi ló fà á, nítorí omi máa ń di ara rẹ̀ mú. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ sí i, ẹyọ kan tàbí méjì, awọ náà yóò já, gọ́ọ̀mù yóò sì rìn wọ inú yanrìn bí omi ṣe ń wọ gaàrí. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ fín omi olọ́ṣẹ sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án wò.

Koríko ló kàn, òun ló sì gba sùúrù jù. Àwọn irun ọ̀rá wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n ti pa láró, tí wọ́n gé ní mìlímítà 2, 4, 6 tàbí 12. Tí a bá kàn wọ́n wọn lé gọ́ọ̀mù, wọn yóò sùn sílẹ̀ bí irun tí onígbàjámọ̀ gé dà nù. Iná mànàmáná ló ń jẹ́ kí wọ́n dìde. Ẹ̀rọ kan wà tó dà bí asẹ́ tíì: irun wà nínú rẹ̀, okùn wáyà kan sì ti ara rẹ̀ lọ sí ìṣó tí a gún mọ́ ilẹ̀ tó tutù fún gọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ náà a mú iná tó ga ní agbára, àmọ́ tí ìṣàn rẹ̀ kéré gan-an, wá sáàárín asẹ́ àti ilẹ̀. Irun kọ̀ọ̀kan a gba iná sára, a fò láti inú asẹ́, a sì kó orí sọlẹ̀ sínú gọ́ọ̀mù ní ìdúró, gẹ́gẹ́ bí irun apá wa ṣe máa ń dìde tí a bá bọ́ súwẹ́tà nígbà ọyẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dákẹ́ lọ.

Ẹ tún padà sí ìṣirò. Mìlímítà 2 ní 1:76 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 15. Mìlímítà 4 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 30. Mìlímítà 12 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 91, koríko tó dé ìbàdí nìyẹn. Ẹni tó bá fi mìlímítà 6 bo gbogbo pápá ti gbin koríko tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún sí ibi gbogbo, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bíi pé ó ń wẹ̀. Ìwọ̀n nìkan kò sì tó, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ní àwọn òkè Wales, àgùntàn ló ń gé koríko. Nítorí náà koríko inú pápá kúrú, ó sún mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà wà láàárín pápá àti ojú irin, àgùntàn kì í kọjá rẹ̀. Koríko tó wà ní ẹ̀gbẹ́ irin, nínú ọgbà, ló ga, ló gbẹ lórí, ló dàpọ̀ mọ́ ẹ̀gún. Ẹ fi mìlímítà 2 sí ìta ọgbà, ẹ fi 4 àti díẹ̀ nínú 6 sí inú, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò gbà á gbọ́, kódà bí kò bá rí àgùntàn kan ṣoṣo.

Ọgbà náà fúnra rẹ̀ dùn ún kọ́. Níbi tí síléètì pọ̀ ju igi lọ, síléètì ni wọ́n fi ń sọgbà: wọ́n á gbé pẹlẹbẹ òkúta nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi wáyà so wọ́n pọ̀ lókè. Pẹlẹbẹ tó ga ní mítà kan yóò ga ní mìlímítà 13 lọ́wọ́ wa. Páálí tinrín ni mo fi ń gé wọn, kò sì gbọdọ̀ sí méjì tó dọ́gba. Èyí tẹ̀ sí ọ̀tún, èyí ti já lórí. Òkìtì pàǹtírí síléètì tó wà lẹ́yìn wọn ní tirẹ̀, síléètì gidi ló yẹ. Ẹ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì dà á láti òkè wá gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń dà á. Yóò wá ibi tí yóò dúró sí fúnra rẹ̀, yóò sì mú ìdagun tó tọ́. Ọwọ́ ènìyàn kò lè to òkìtì kó dà bí èyí tó to ara rẹ̀.

Àwọ̀ wá ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra ọ̀dà tó bá ti ọkọ̀ gidi mu pátápátá, kí ó tó yà wọ́n lẹ́nu pé ọkọ̀ wọn dúdú jù. Ẹ gbé e yẹ̀ wò báyìí: tí ẹ bá dúró ní sẹ̀ńtímítà 60 sí tábìlì, ní ayé 1:76, mítà 46 lẹ fi jìnnà sí ọkọ̀ náà. Ní ayé gidi, bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni eruku àti ìkùukùu inú afẹ́fẹ́ ṣe máa ń sọ àwọ̀ rẹ̀ di ṣíṣá tó. Lórí tábìlì, kò sí afẹ́fẹ́ yẹn, nítorí náà àwa la ó fi í sínú ọ̀dà: funfun díẹ̀, tàbí àwọ̀ eérú díẹ̀. Dúdú pátápátá kò sí níta. Igi ìdábùú tí òjò àti oòrùn ti nà fún ogún ọdún, àwọ̀ eérú ló ń ní. Ẹ̀gbẹ́ irin máa ń dógùn-ún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tí táyà ń gbà kọjá máa ń dán. Kìkì ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́ ni orí rẹ̀ ń dógùn-ún. Ẹ wo bí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ ìtàn: kun orí irin kan ní àwọ̀ ìpẹtà, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ọkọ̀ kò dé apá ibẹ̀ mọ́.

Mítà 46 yìí tún ń sọ ohun tí a lè fi sílẹ̀. Ẹ kò lè rí orí ìṣó láti mítà 46. Mo ti rí àwọn ènìyàn tó lo oṣù kan lórí ìṣó ara ògiri, tí wọn kò sì kun ẹ̀gbẹ́ irin rárá. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n yí i padà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í gbà láti dínkù. Omi ni olórí wọn. Omi gidi lórí tábìlì kì í jọ odò, nítorí pé awọ rẹ̀ kan náà tó ń ká gọ́ọ̀mù jọ ń mú kí etí rẹ̀ rọ̀gbà, kò sì lè ní ìgbì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ìsàlẹ̀ odò ní àwọ̀, dúdú sí àárín níbi tó jìn, búráwùn sí etí, kí wọ́n tó da oje tó ń gan lé e ní ìpele tinrín-tinrín. Ẹ má dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ó máa ń gbóná bó ṣe ń gan, ó sì lè sán. Aṣọ tó wà lórí okùn náà kì í dínkù: aṣọ gidi tí a gé kékeré yóò le gbagidi bíi páálí, torí kò wúwo tó láti rọ̀ sílẹ̀. Bébà ìnùwọ́ tinrín tí a fi gọ́ọ̀mù rẹ ló ń ṣe é.

Gbogbo èyí ni mo rò sí ẹ̀gbọ́n mi létí nígbà tó tún pè, ó sì bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bi ara rẹ̀: ṣé òkè Wales nìkan ló lè gba orí tábìlì ni? Rárá o. Ìbú 1067 tiwa, tí a bá lo ìdínkù 1:64 lórí ojú irin mìlímítà 16.5 tó wà lọ́jà, ó máa ń jẹ́ 1056. Díẹ̀ báyìí ló fi dín. Àwọn ará New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà tí ojú irin wọn bá tiwa dọ́gba ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ọkọ̀ onísíìmù kékeré tó ń gba Ìddó kọjá afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó láti 1902 títí di 1933. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 762, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀. Irú ìbú yẹn gan-an ni On30 wà fún: ìdínkù 1:48 lórí 16.5 kan náà.

Ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì ni mí lára, kì í ṣe ọkọ̀. Yangí tí a lọ̀ kúnná, tí a yan nínú ààrò kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, fún ilẹ̀ pupa. Kànrìnkàn tí a gé wẹ́wẹ́ fún koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Okùn rẹ̀ ti ní àwọ̀ tó yẹ kí a tó pa á láró. Fóòmù ìbùsùn tí a lọ̀, tí a rẹ sínú ọ̀dà ewé, fún igi máńgòrò, tí òjìji rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú ju ti igi òyìnbó lọ. Páànù tó dógùn-ún láti ibi ìṣó wá sísàlẹ̀, ní ìlà-ìlà, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé. Ibi tí ikán bá sì wà, irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdábùú dípò igi, nítorí náà ìpẹtà ni yóò wà lábẹ́ ojú irin náà, kì í ṣe àwọ̀ eérú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ìbàdàn, ó fi àwòrán mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi láti ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ní Dùgbẹ̀. Kò ya ọkọ̀ kankan. Ilẹ̀ ló yà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan pé koríko àárín irin kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, pé ó dúró wò ó títí, ó sì ti rí ìdí rẹ̀: àárín irin ni àwọn tó ń lọ sí ọjà ń gbà rìn.